Ẹ Jẹ́ Kí Gbogbo Ojú Rí Àmì Ayò

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni. A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ka àmì nínú eré dáàtì.

Ayò ọlọ́pọ́n tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa kò nílò akọ̀wé. Ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú ihò 12. Ẹni tí ó bá jẹ 25 ti borí, ọmọ ayò tí ó kó jọ síwájú rẹ̀ sì ni ẹ̀rí. Dáàtì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti yọ ọfà kúrò lára pákó, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí òfin rẹ̀. 501 ni olúkúlùkù fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó máa yọ iye tí ó bá jẹ kúrò nínú rẹ̀. Ọfà mẹ́ta ni ẹnì kan ń jù kí ó tó kan ẹnìkejì. Òrùka tóóró tí ó wà létí pákó máa ń sọ iye di ìlọ́po méjì. Èyí tí ó wà ní agbedeméjì máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Àárín gbùngbùn jẹ́ 50, òrùka tí ó yí i ká jẹ́ 25. Ìlọ́po méjì tàbí àárín gbùngbùn ni a gbọ́dọ̀ fi parí rẹ̀, kí iye di òdo gẹ́lẹ́. Bí ẹnì kan bá jẹ kọjá iye tí ó kù, tàbí tí ó ku 1, ohun tí ó jù nígbà náà di asán.

Yíyọ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí a bá pe márùndínlógójì, 40 ni a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náà, 600 tí a yọ 100 kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọmọ tí ó bá ń kọ àmì fún àwọn àgbà ń kọ́ ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú wa ni ọ̀rẹ́ méjì ṣe ń ju dáàtì nítorí ìgò mínírà kan. Ọ̀kan ní òun jẹ 60. Èkejì ní 20 ni. A ti yọ ọfà, orí lásán ni a sì fi ń ka àmì. Yorùbá ni ẹni tí ó ń kà á fi ń kà á, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ mínírà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Àwọn àgbà ni ó pẹ̀tù sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Laranto mọ ìdí tí a fi ń sọ èyí. Yorùbá, Hausa, Bẹ́rọ̀m àti Igbo ni à ń bá ná ọjà. Ìlú Jos sì ti rí wàhálà ní ọdún 2001, 2008 àti 2010. Kò yẹ kí eré jẹ́ ibi tí ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín fún ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọfà títí a ó fi pe iye, tí ẹnìkejì yóò sì gbà. Èkejì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tí ó kù sára pátákó. Ẹ má nu ti àtijọ́, ẹ kàn fa ìlà lé e. Èdè yòówù tí ènìyàn ń sọ, 32 ni 32. Ẹ̀kẹta, ẹni tí kò sí nínú eré náà ni kí ó máa kọ ọ́. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù máa kọ ti ẹnìkejì rẹ̀.

Bákan náà ni kí ẹ ṣe nígbà tí ẹ bá ń kó àpò ọ̀dùnkún òyìnbó sínú ọkọ̀: ìlà kan fún àpò kan, lójú ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Àwọn àgbà ní, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ìjà náà má tilẹ̀ wáyé.