Ẹnu Ọ̀nà Tó Gba Gbogbo Ẹgbẹ́

 

Ẹgbẹ́ tó pé ọdún mẹ́wàá yẹ kó jó, kó yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí nípa àwọn tó ń fi àga oníkẹ̀kẹ́ rìn láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ àwa òṣìṣẹ́ báǹkì. Ojoojúmọ́ là ń kìlọ̀ fún oníbàárà pé kó má sọ nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń pọwó wà, wọ́n sì ga ju ọwọ́ ẹni tó jókòó lọ. Kí ni onítọ̀hún yóò ṣe? Yóò fún ẹlòmíràn ní káàdì, yóò sì sọ nọ́ńbà náà fún un. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló tú àṣírí owó rẹ̀. Bó bá ní kí òun wọlé, ilẹ̀kùn tóóró tó ń gba ènìyàn kọ̀ọ̀kan kò gba àga rẹ̀. Inú oòrùn ni yóò wà títí wọn yóò fi rí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kejì.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní kóòtù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, a ó gbé yín." A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà wo ló fẹ́ kí wọ́n gbé òun bí àpò gàrí lójú àna rẹ̀?

Òfin kò sùn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin àwọn akàndá ẹ̀dá ní 2011. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀, tó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí akàndá lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. Ṣùgbọ́n òfin kì í po sìmẹ́ńtì. Ènìyàn ló ń pò ó.

Nítorí náà, a ń rọ ẹgbẹ́ wa pé kí iṣẹ́ ọdún kẹwàá yìí jẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí gbọ̀ngàn ìlú wa. Ẹ̀bùn àga oníkẹ̀kẹ́ dára, ṣùgbọ́n àga tí kò rọ́nà wọlé, ìta ni yóò wà. Kí bíríkìlà má kàn da kọnkéré ti àtẹ̀gùn: bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, kó má baà dá àga padà sẹ́yìn. Kí ẹni tó ń lo àga sì kọ́kọ́ gun ún wò kí a tó sanwó iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gbà wa, orúnkún tó ń jó lónìí, ó ń dàgbà lọ. Ọ̀nà tí a bá là fún ẹlòmíràn, àwa náà lè gbà á lọ́la.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.