Oníṣẹ́ Ọnà àti Èrò Ọ̀nà



Ìyá kan ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ gíráfíìkì ló ní òun fẹ́ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ya ojú ènìyàn kó jọ ojú ènìyàn.” Mo gba ìwé ọwọ́ ọmọ náà, mo ṣí i. Òótọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i dé ẹ̀yìn, mo rí i pé ó ti fúnra rẹ̀ to àkókò ẹ̀kọ́ kíláàsì wọn síbẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, lẹ́tà àwọn iṣẹ́ tó le nípọn ju ti ìyókù lọ, ó sì fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí ìsinmi wà. Bí mo ṣe fojú kàn án ni mo ti mọ ìgbà tí ìṣirò bọ́ sí lọ́jọ́rú.

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni èdè wa fi ya ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà. Ọnà ni ẹwà tí ọwọ́ ń dá sára igi, aṣọ tàbí ògiri. Ọ̀nà ni ibi tí èrò ń gbà kọjá. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ gíráfíìkì ti pínyà. Oníṣẹ́ ọnà lè ní ká dúró wo òun. Oníṣẹ́ gíráfíìkì kò láṣẹ bẹ́ẹ̀. Èrò ọ̀nà ló ń ṣiṣẹ́ fún, èrò ọ̀nà kì í sì í dúró.

Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà, ọba ìlú Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, ní London, ní 1924. Ó wà ní British Museum títí dòní. Ògògà kò tà á. Àga ọba tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn ère ara rẹ̀ yọ síta débi pé ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí ohun tí ẹni tó dúró níwájú kò rí. Ilẹ̀kùn yẹn ń gba àsìkò lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó, àsìkò náà sì tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ẹlòmíràn. Ìbàdàn ni wọ́n bí Táíwò Akínkùnmí sí, ní 1936. Ní 1958, ó wà ní London, ìmọ̀ iná mànàmáná ló ń kọ́ ní Norwood Technical College. Ó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá àsíá fún Nàìjíríà tó fẹ́ gbòmìnira, ó sì fi tirẹ̀ ránṣẹ́: àwọ̀ ewé lọ́tùn-ún àti lósì, funfun láàárín, oòrùn pupa lórí funfun náà. Àwọn adájọ́ mú tirẹ̀, wọ́n yọ oòrùn kúrò, wọ́n fún un ní £100. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1960, wọ́n ta àsíá náà sókè.

Oòrùn tí wọ́n yọ yẹn ni mo máa ń ronú lé lórí. Lórí bébà, ó ṣeé ṣe kó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ aṣọ náà lórí òpó gíga, ìtànṣán oòrùn yóò di àbààwọ́n pupa lójú ẹni tó wà nísàlẹ̀. Télọ̀ tó fẹ́ rán ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ yóò sì jìyà. Bó ṣe wà yìí, ẹ wò ó láti iwájú, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn, bákan náà ló rí. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á fi kréyọ́nù méjì yà á láìṣì í. Ìmọ̀ ni kéèyàn mọ ohun tó yẹ ní yíyọ. Kò sí nínú ọwọ́ tó mọ ojú yà, a sì lè fi kọ́ ènìyàn.

Àwọn tó rò pé kọ̀ǹpútà ló gbé ìmọ̀ yìí dé, mo fẹ́ kí wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta. Nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àwọn ìyá wa ń ki ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ, wọ́n á máa yàwòrán sára aṣọ láti inú orí wọn. Ẹwà ni, kò sí aṣọ méjì tó jọra tán. Àwọn ọkùnrin wá mú páànù, wọ́n gé àwòrán sí i lára, wọ́n tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n fi ẹ̀kọ rà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá gbà, aró kò ní mú un. Ẹni tó ń gé páànù gbọ́dọ̀ rò ó síwájú: ibi tó bá gé yíká láìfi ìsopọ̀ sílẹ̀ yóò já bọ́, àwòrán á sì bàjẹ́. Nítorí náà, ó ń fi okùn páànù tín-ín-rín sílẹ̀ níbi tí ojú kò ti ní í fura, ó sì ń sọ okùn náà di ara ọnà.

Mo mọ̀ pé Ọlọ́run máa ń fún àwọn kan ní méjèèjì, ọwọ́ tó mọ ojú yà àti ìmọ̀ yìí. Lemi Ghariokwu, tó ṣe páálí àwo orin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún Fẹlá, ọwọ́ rẹ̀ mọ ènìyàn yà. Síbẹ̀, ní páálí “Alagbon Close” ti 1974, gbogbo ohun tó yà ni orin náà béèrè fún. Irú wọn kò pọ̀, kò sì yẹ ká fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo fún ọmọ ìyá yẹn ní páálí bisikíìtì kan àti abẹ. Mo ní kó gé lẹ́tà O sí i lára, èyí tí òun yóò fi kun orúkọ sára ògiri. Níṣojú mi ló gé e, àárín lẹ́tà náà sì já bọ́ sílẹ̀, ihò ràgàjì ló kù. N kò sọ nǹkan kan fún un. Ọjọ́ kẹta ló padà wá. Ó ti fi okùn páálí méjì sílẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n gbá àárín náà mú ṣinṣin. Kò tíì dé Abẹ́òkúta rí.