Ọwọ́ Àgbà, Ikùn Ọmọdé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Bí A Ṣe Ń Bọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí kì í ṣe òpè, nítorí náà n kò ní máa ṣàlàyé ohun tí oúnjẹ aṣaralóore jẹ́. Bí mo bá ní kí àárín ọmọ àti oúnjẹ gún, ohun tí mò ń sọ ni pé kí ó jẹun nígbà tí ebi bá ń pa á, kí ó ṣíwọ́ nígbà tí ó bá yó, kí ẹ̀rù abọ́ má sì máa bà á. Àgbà ló ni ohun tí a ó gbé sílẹ̀ àti àsìkò rẹ̀. Ọmọ ló ni ìwọ̀n tí yóò jẹ. Bí àgbà bá gba tọmọ mọ́ tirẹ̀, nǹkan bàjẹ́ nìyẹn.

Gbogbo wa la mọ rírọ. Ìyá á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, á máa da ẹ̀kọ síbẹ̀. Bí ọmọ bá takú, á dí i nímú, kó lè di dandan fún un láti gbé e mì kó tó rí èémí mí. Ẹ̀kọ sì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. N kò sí lára àwọn tó ń pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní ìkà: ẹ̀rù àìsàn ń bà á, ọjà sì ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn olùwádìí bá pàdé ní Kwara láàárín ọdún 1980 sí 1990. Rírọ wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ògì tí wọ́n ń rọ ọmọ ti ṣàn jù, okun inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n bá àwọn ìyá jókòó, wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa àti ṣúgà sí ògì náà, wọ́n sì pè é ní Ẹ̀kọ Ìlera. Inú ife ni àléébù wà, kì í ṣe ẹnu ọmọ.

Àwọn kan á ní bí a bá fi ìwọ̀n lé ọmọ lọ́wọ́, ebi ni yóò lù ú pa. Ẹ jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ Clara Davis, dókítà ọmọdé ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní 1926, kalẹ̀ fún irú wọn. Ọmọ 15 ló kó jọ, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú, ó sì ṣa nǹkan bí oúnjẹ 34 fún wọn: ẹran màlúù, ẹ̀dọ̀, mùdùnmúdùn, ẹyin, wàrà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kárọ́ọ̀tì, àgbàdo, iyọ̀ nínú abọ́ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì á jókòó tòun ti ṣíbí, kò ní sọ̀rọ̀. Àfi bí ọmọ bá nawọ́ sí abọ́ kan ni yóò tó bù ú fún un. Kò gbọdọ̀ yìn ín, kò gbọdọ̀ bá a wí. Ọmọ kan lè fi ẹ̀dọ̀ àti omi ọsàn jẹun àárọ̀, kó tún fi ẹyin mélòó kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ tàṣálẹ́. Ọ̀kan tí àìsàn rickets ti sọ egungun rẹ̀ di rírọ̀ ń fúnra rẹ̀ mu òróró ẹ̀dọ̀ ẹja tí wọ́n gbé sórí àwo rẹ̀, títí ara rẹ̀ fi yá, ló bá pa á tì. Gbogbo wọn ló dàgbà dáadáa.

Ibí yìí gan-an ni èmi àti àwọn kan kò ti gbà fún ara wa láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i? Ọmọ mọ ohun tó dára, ẹ jẹ́ kó jẹ ohun tó bá wù ú,” ni wọ́n bá kó bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e lọ́wọ́. Wọn kò ka Davis dé ìparí. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní 1939 pé inú oúnjẹ tí òun ṣà ni àṣírí náà wà. Kò sí ṣúgà níbẹ̀, kò sí oúnjẹ inú agolo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè: Davis ló na ọwọ́ sí pẹpẹ, àwọn ọmọ ló ki ọwọ́ bọ akèrègbè. Mo gbà pé ọmọ 15 kéré láti fi ṣe òfin fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà jẹ́rìí, kó fi odindi rẹ̀ jẹ́rìí.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Ní Amẹ́ríkà kan náà, ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n mu ọbẹ̀ wọn tán, ohun tí wọ́n mu kò tó ti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò dá wọn láàmú, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ náà láìdáa. Ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́léósinmi tí ẹ ń gbé pàṣán sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní oúnjẹ á ṣòfò, kó bu díẹ̀, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè sí i. Oúnjẹ tí kò bá mọ̀ rí, ẹ máa gbé e padà wá níwọ̀nba. Ó lè tó ìgbà mẹ́wàá kó tó gbà á.

Alága ti ń wo aago. Ó ku ọ̀rọ̀ ẹyin àti ẹran, tí àwọn kan ṣì gbà pé ó ń sọ ọmọ di olè. Ohun tí ọmọ fi ń dàgbà ni wọ́n ń fi dù ú. Ẹ bu ẹyin fún un láti ìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ sì má sọ ọ́ di owó iṣẹ́ tàbí ẹ̀bùn ìwà rere.