Kíkà Yàtọ̀ sí Yíyé: Ọ̀nà Tí A Fi Ń Dán Òye Ọmọdé Wò

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ohun tí ọmọ kékeré kà yé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó lè ka ojú ìwé kan já geere, tí inú àwọn òbí rẹ̀ yóò sì máa dùn, ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ohun tí ó kà, ojú lásán ni yóò máa wo ẹni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀ ni, kò tíì máa kàwé. Bí a kò bá tètè mọ̀, yóò máa ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi dé ibi tí ìṣirò pàápàá ti di ọ̀rọ̀ gígùn, níbẹ̀ ni wọn yóò sì ti sọ ọ́ ní olódo.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, UNICEF, àjọ àgbáyé tí ń mójú tó àwọn ọmọdé, kéde pé nínú ọmọ 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, 75 ni kò lè ka gbólóhùn tí ó rọrùn tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò kékeré. Nínú ìwádìí tí àjọ yìí ń ṣe láti ilé dé ilé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìtàn kúkúrú kan ni wọ́n ń gbé fún ọmọ. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ka 90 nínú 100 ọ̀rọ̀ ibẹ̀ bí ó ti tọ́, kí ó sì dáhùn ìbéèrè márùn-ún: mẹ́ta tí ìdáhùn wọn hàn gbangba nínú ìtàn, àti méjì tí ó ní láti fi ọgbọ́n orí rò.

Olùkọ́ tàbí òbí lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Ìtàn ẹbí ni ó dára jù, nítorí kò sí ọmọ tí kò mọ ìyá, bàbá, àbúrò àti ààrò. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan:

“Ní ọjọ́ Sátidé, ìyá Ṣọlá lọ sí ọjà Ìyànà-Ìbà. Òjò ńlá rọ̀, ìyá kò sì tètè dé. Bàbá dá iná, ó se ọbẹ̀ ilá. Ṣọlá bu oúnjẹ fún àbúrò rẹ̀, ó sì bo àwo kan sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Nígbà tí ìyá dé, ó tú gèlè rẹ̀, ó fún un, omi sì ń kán sílẹ̀. Ó ṣí àwo náà, ó sì rẹ́rìn-ín.”

Ọjà wo ni ìyá lọ? Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i. Ta ni ó se ọbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó ń tú àṣírí, nítorí ọmọ tí kò ka ìtàn náà dáadáa yóò sáré dáhùn pé ìyá ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí i nílé tirẹ̀. Ewu tí ó wà nínú ìtàn ẹbí nìyẹn: ọmọ lè fi ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dáhùn láìwo ìwé rárá. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá bèèrè ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ọmọ mìíràn tí kò ka ìtàn náà. Bí onítọ̀hún bá gbà á, kí ó sọ ìbéèrè náà nù.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá kan ìrònú. Ta ni ó ni àwo tí Ṣọlá bò? Ǹjẹ́ òjò pa ìyá? Ìtàn kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n gèlè tí ó ń kán omi ti sọ ọ́. Kí olùdánwò máa bèèrè pé, “Báwo ni o ṣe mọ̀?” Ọmọ kan lè sọ pé bàbá ni ó ni àwo náà, nítorí ìtàn kò sọ pé bàbá jẹun. Ìdáhùn ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tí ó bá fi ìlà pupa fa irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ láìgbọ́ àlàyé rẹ̀ ti fìyà jẹ ọmọ tí ó ń ronú.

Kí a fi àmì ohùn sí ìtàn tí a bá kọ ní Yorùbá. Ọmọ tí ó bá rí ọ̀rọ̀ kan tí ó lè jẹ́ igba, igbá tàbí ìgbà, àbá ni yóò máa dá.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni Ajangbadi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ẹ̀gùn, Ígbò àti ẹ̀yà mìíràn ń jókòó nínú kíláàsì kan náà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún 2022, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Níwọ̀n bí Gẹ̀ẹ́sì ti padà sí ipò rẹ̀, ó di dandan kí a mọ èyí tí ọmọ kò ní: ṣé òye ni, tàbí èdè? Bí ó bá ka ìtàn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a gbà á láàyè láti dáhùn ní Yorùbá, ní Ẹ̀gùn tàbí ní Ígbò. Bí ó bá sọ ọ́ bí ó ti rí, ìtàn náà yé e. Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù tí a óò kọ́ ọ.

Ìyá tí kò mọ̀wé pẹ̀lú lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ó ní kí ọmọ ka ìtàn sókè, kí ó pa ìwé dé, kí ó wá sọ ọ́ fún ìyá àgbà bí ẹni ń pa àlọ́. Ìyá àgbà ni yóò máa bèèrè ta ni, níbo, àti nítorí kí ni. Kí ó má jẹ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ, kí pàṣán má sì sí nítòsí, nítorí ẹ̀rù a máa lé ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n dájú. Ní ìparí sáà, ìtàn mìíràn ni kí a lò, torí èyí àkọ́kọ́ yóò ti di ohun tí ó mọ̀ lórí.