Ta Ni Yóò Bínú Bí Ẹ̀wọ̀n Bá Já?

Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má dìde o, kì í ṣe ọrẹ ni mo fẹ́ gbà. (Ẹ̀rín.)

Ọmọkùnrin wa kan pè mí láti Maryland. Nọ́ọ̀sì ni, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kò lè mí dáadáa ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ má bínú sí mi." Mo ní kó máa wí. Ó ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí òun ti ń ra ìpín Altria, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ni àwọn tó ń ṣe Marlboro ní Amẹ́ríkà. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èrè ń wọlé, kì í yẹ̀. "Mi ò fọwọ́ kan sìgá rí láyé mi, Dádì, ẹ mọ̀ mí." Ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé ìjọba fẹ́ kí wọ́n dín nikotíìnì kù nínú sìgá. Ló bá bi mí ní ohun méjì. Àkọ́kọ́, ṣé kí òun tètè tà á kí owó tó já wálẹ̀, àbí kí òun dì í mú? Ìkejì, bí wọ́n bá ti yọ nikotíìnì náà kúrò, ṣé owó ọ̀hún ò ti wá mọ́ nìyẹn?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ọmọlúàbí ni. Ọ̀pọ̀ yín ló ní irú owó yìí tí ẹ ò tilẹ̀ béèrè.

Mi ò rí ìdáhùn fún un lórí tẹlifóònù. Mo ní, "Ọmọ mi, fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì." Èmi kì í ṣe alágbàtà ìpín. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí kó máa sọ pé pásítọ̀ ní kí òun ra tibí, kí òun ta tọ̀hún. Ṣùgbọ́n mo lọ kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò sì jẹ́ kí n sùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí nikotíìnì jẹ́. Inú ewé tábà ló wà. Òun kọ́ gan-an ló ń fa jẹjẹrẹ tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró; èéfín àti ọ̀dà dúdú tó ń bá èéfín rìn ló ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ ti nikotíìnì ni pé kí o padà wá. Èéfín ń pa ènìyàn, nikotíìnì kò jẹ́ kó sá lọ. Mo ní àbúrò bàbá mi kan. Gbogbo alẹ́ tí ọdún bá ń parí, yóò ju páálí sìgá rẹ̀ sí ṣáláńgá níṣojú gbogbo ilé, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kó tó di ọjọ́ kẹta oṣù kìíní, ó ti ń pè mí sí kọ̀rọ̀: "Lọ bá mi ra ẹyọ kan lọ́dọ̀ màláàmù. Ẹyọ kan péré. Má sọ fún ìyá rẹ." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn sìgá náà mọ́, ó ti kórìíra rẹ̀. Ó kàn ń rà á ni. Oníṣòwò wo ni kò ní fẹ́ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí èrè orí ìpín wọn kì í fi í dáwọ́ dúró. Ní 1965, nínú àgbàlagbà 100 ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 42 tó ń mu sìgá. Ní 2022, wọn kò tó 12 mọ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta gààrí, bí oníbàárà yín bá dín kù báyìí, ṣé ẹ kò ní ti kó ìsọ̀ yín? Àwọn wọ̀nyí kàn ń fi owó kún iye páálí ni. Ẹni tó kù ń san án, nítorí kò lè ṣe kó má san án.

Ní 2009, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin tó fún FDA, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, ní agbára lórí tábà. Òfin náà ní wọ́n lè dín nikotíìnì kù, wọn ò kàn lè yọ ọ́ tán pátápátá. Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 2017, ọ̀gá àjọ náà nígbà náà, Dókítà Scott Gottlieb, bọ́ síta, ó ní àwọn fẹ́ dín in kù débi pé sìgá kò ní lè di bárakú mọ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ìpín Altria já wálẹ̀. Ìgbà kan wà láàárín ọjọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún. Nígbà tí ọjà fi máa parí, ó ti gbéra díẹ̀, síbẹ̀ ó ti sọ ohun tó lé ní 9 nínú 100 nù. Ti British American Tobacco náà já ní London.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ta sìgá mọ́. Wọn kò fi owó orí kún un. Ewé tábà wà níbẹ̀, bébà wà níbẹ̀, iná ìṣáná wà níbẹ̀. Ẹnìkan kàn sọ pé ó yẹ kí a tú ẹ̀wọ̀n. Owó sì sá! (Ìjọ: Jésù!) Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe tábà ni àwọn olówó rà. Ẹ̀wọ̀n yẹn ni wọ́n rà.

Ní oṣù kẹrin 1994, ọ̀gá iléeṣẹ́ sìgá méje gbé ọwọ́ sókè níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n búra, wọ́n sì sọ lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn kò gbà pé nikotíìnì ń di bárakú. Ọjà kò búra ní 2017. Ọjà ló sọ òótọ́.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, láti ẹsẹ 16. Ẹ ó kà á nílé. Ní Fílípì, ọmọbìnrin kan wà, ẹrú ni, ẹ̀mí àfọ̀ṣẹ wà lára rẹ̀. Ẹ kíyè sí i, kì í ṣe ọ̀gá kan ló ni ín. Àwọn ọ̀gá ni, wọ́n pọ̀. Wọ́n pín in ni! Oníkálukú ní ìpín tirẹ̀ lára ọmọ yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú wọn má fojú kàn án fún oṣù mẹ́ta, kí owó ṣáà máa wọlé. Pọ́ọ̀lù lé ẹ̀mí náà jáde. Ó yẹ kí wọ́n jó! Ọmọ tó wà lábẹ́ wọn ti bọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò wo ojú ọmọ náà rárá. Wọ́n wo ojú ibi tí owó ti ń bọ̀, wọ́n rí i pé ó ti dí, wọ́n sì wọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lọ sí ọjà.

Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn òfin náà. Orílẹ̀-èdè New Zealand ṣe tiwọn ní oṣù kejìlá 2022: wọ́n ní kí nikotíìnì dín kù, kí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta sìgá ti 6,000 wá sí 600, kí wọ́n má sì ta á láéláé fún ẹni tí a bí láti ọjọ́ kìíní 2009. Ìjọba mìíràn gorí oyè, nígbà tó di oṣù kejì 2024, wọ́n ti fagi lé e kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mínísítà ètò ìnáwó wọn ti sọ ṣáájú pé owó tó máa ti ibẹ̀ wọlé yóò ran ètò àtidín owó orí kù lọ́wọ́. Ẹ rí i? Ìjọba pàápàá lè ní ìpín. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2025 ni FDA tó gbé àbá jáde: kí nikotíìnì má ju mílígíráàmù 0.7 lọ nínú gíráàmù tábà kan. Àbá ni o, kì í ṣe òfin. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bó bá di òfin, títí di ọdún 2100, nǹkan bíi mílíọ̀nù 48 ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ì bá bẹ̀rẹ̀ sìgá ni kò ní bẹ̀rẹ̀.

Mílíọ̀nù 48. Lójú ìyá wọn, ọmọ tó yè ni. Nínú ìwé ìṣirò ẹni tó ni ìpín, oníbàárà tó sọ nù ni. Ọmọ kan náà ni o!

Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ kejì, pé ṣé owó á wá mọ́. Iléeṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ 22nd Century Group, tó gbin tábà tí nikotíìnì rẹ̀ fi 95 nínú 100 dín kù. Ní oṣù kejìlá 2021, FDA gbà kí wọ́n polówó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sìgá náà ṣì ń jó, ọ̀dà rẹ̀ ṣì wà, ẹni tó bá ń fà á sínú ṣì ń fa ikú. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í dì ọ́ mú. Kí ló gbẹ̀yìn àwọn tó ra ìpín níbẹ̀? Láàárín 2023 àti 2024, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iléeṣẹ́ náà kó ìpín pọ̀: 15 di ẹyọ kan, lẹ́yìn náà 16 di ẹyọ kan, lẹ́yìn náà 135 di ẹyọ kan. Ẹ bá mi fi ẹ̀rọ ìṣirò yín ṣe é. Ẹni tó ní 32,400 ní ìbẹ̀rẹ̀ ti ní ẹyọ kan ṣoṣo. Ìṣòro mìíràn wà fún wọn, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń ta èyí tó ń dì ọ́ mú: ìpín tiwọn gbéra ní 2024, ó tún gbéra ní 2025.

Kí ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. British American Tobacco tí mo dárúkọ ní London, Ìbàdàn ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ wọn sí ní 2003, àwọn èèyàn wa ní Ìṣẹ́yìn sì ń gbin tábà. Òfin wa ti 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dé gáréèjì Ọ̀jọ́ọ́ kí ẹ lọ wò ó. Àbá Amẹ́ríkà kò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìpín ní London, apá kan èrè ẹyọ kan yẹn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin ńkọ́?" Mo gbé ní London fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù mi. N kò béèrè ibi tí wọ́n ń kó o sí. Nígbà tí ọmọ wa pè ni mo tó ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Mo gbé awò ojú sójú. Ojú ewé kẹrin, iléeṣẹ́ sìgá méjì! Èmi tí mo ti ń wàásù lòdì sí sìgá láti 1988. (Ìjọ dákẹ́.) Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, mo sì ti ń gbà á sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo ní kí wọ́n gbé owó mi sí ibòmíràn. Owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí pé kí n sọ pé bí ẹ bá tà á, ìlọ́po méje ni yóò fi padà, ẹ máa dúró. CalPERS, àpò owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba California, pinnu ní 2000 láti jáde kúrò nínú tábà. Nígbà tí wọ́n ṣírò ohun tí wọ́n ti pàdánù, nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là ni. Ní oṣù kejìlá 2016, wọ́n tún dìbò, wọ́n ní àwọn kò padà. Ó ná wọn lówó!

Mo pe ọmọ wa padà. Ó ní, "Dádì, bí mo bá tà á, ẹlòmíràn ló máa rà á. Kọ́bọ̀ kan ò ní dín nínú owó iléeṣẹ́." Mo ní òótọ́ ni. Mo wá bi í: "Lọ́jọ́ tí o gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dín nikotíìnì kù, kí ni o kọ́kọ́ gbàdúrà fún?" Kò fọhùn. Mo gbọ́ ẹ̀rọ kan tó ń dún *pí, pí* lẹ́yìn rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ló wà. Ó ní, "Mo gbàdúrà pé kí wọ́n má lè ṣe é, sà." Ó ní ọkùnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹgbẹ́ òun tó ń fi ọ̀pá gba atẹ́gùn bí òun ṣe ń gba àdúrà náà.

Ẹ dìde dúró. Ẹ̀yin tí sìgá ṣì dì mú, ẹ máa bọ̀ níwájú níbí. Ẹ má tijú, àwọn dókítà ìjọ wa wà lápá ọ̀tún láti bá yín sọ̀rọ̀ nípa oògùn tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ máa bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìpín lọ́wọ́ ńkọ́, ẹ má tíì pa ojú dé. Ẹ wo àwọn tó ń bọ̀.