Òdòdó Ẹlẹ́gùn-ún Tí Kò Fẹ́ Omi Púpọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Kánò)

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òdòdó tó gun orí páànù ilé mi, nítorí àwọn kan ń wí pé mo lo oògùn sí i. N kò lo oògùn kankan. Omi ni mo dín kù.

Bougainvillea ni Òyìnbó ń pè é. Nínú ilé tèmi, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ni. Ó ń hù ní ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí àwọn Àgùdà Èkó ti padà wá sílé. Ní ọdún 1767, ọkọ̀ Bougainville, ará Faransé tó ń yí ayé ká, gúnlẹ̀ sí Rio de Janeiro. Commerson, onímọ̀ ewéko ìrìnàjò náà, rí igi yìí níbẹ̀, ó sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ń bá a ru ẹrù kiri ni Jeanne Baret, obìnrin tó múra bí ọkùnrin kí wọ́n lè gbà á sínú ọkọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣiṣẹ́ kí ọkùnrin gba orúkọ.

Ọdún 2021 ni mo gbin tèmi sínú ìdajì àgbá, nítorí ilé ayálé ni mo ń gbé. Bí onílé bá ní kí n kó jáde, n ó gbé òdòdó mi dání. Ẹ mọ̀ pé obì ni mo ń tà. Obì kò gbọdọ̀ gbẹ, ewé tútù la fi ń wé e. Bí mo ti ń tọ́jú obì ni mo ń tọ́jú òdòdó: omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́, ìgbẹ́ adìyẹ lóṣooṣù. Rírà sì ni mo ń ra omi náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri. Ọdún méjì gbáko, ewé nìkan ni mo rí. Ìyàwó mi ní òun kò lè bá igi ẹlẹ́gùn-ún du omi ìfọṣọ. Ẹ̀gún náà gún ọmọ wa kékeré lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ wú. Mo ti pọ́n àdá sílẹ̀.

Ìgbà náà ni mo sin ọmọkùnrin mi lọ sí Yunifásítì Bìní. Ekosodin, tó fara ti ilé ẹ̀kọ́ náà ní Ugbowo, ni ó gba yàrá sí. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò kò dá. Òdòdó yìí wà lára ògiri ilé kejì, ewé ló kún un bí tèmi. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú ìkòkò lábẹ́ etí òrùlé, níbi tí òjò kò dé tí oòrùn sì ń bà á. Ó pọ́n bí iná. Mo bi bàbá ará Ẹ̀dó tó ni ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní igi tó ń rí omi mu lójoojúmọ́, ewé ni yóò máa yọ. Kí n jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ó ní ẹ̀yin ará Òkè Ọya lẹ ni òdòdó yìí, àwọn ọlọ́jò kàn ń bá yín du ú ni.

Bí mo ti délé, mo dá omi dúró. Nísinsìnyí, ìka ni mo ń tì bọ erùpẹ̀. Bí ó bá gbẹ dé oríkèé kejì, n ó rin ín títí omi yóò fi jáde ní ihò ìdí àgbá, ó di ìgbà tó bá tún gbẹ. Bí ewé bá rọ díẹ̀, ẹ má fòyà. Mo fi ìgbẹ́ adìyẹ sílẹ̀, ewé ni òun náà ń fà. Oòrùn ni kí ẹ má fi dù ú, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán. Ní oṣù kọkànlá, bí ọyẹ́ ti ń dé, ó tanná. Ohun tó pọ́n yẹn gan-an, ewé ni; ẹ wo àárín rẹ̀, ẹ ó rí òdòdó funfun kékeré. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá, ẹ gé orí ẹ̀ka, nítorí lára ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó gé ẹ̀ka tó ti gbó, tó tó pẹ́ńsùlù, ínǹṣì mẹ́fà, kí ó kì í bọ iyanrìn àti erùpẹ̀ níbi ìbòòji. Ibẹ̀ nìkan ni omi díẹ̀díẹ̀ ti tọ́. Ó lè tó oṣù méjì kí ó tó ta gbòǹgbò. Bí ẹ bá ń ṣí i nípò, ẹ má gbọn erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù, gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára.

Ìyàwó mi kò tíì dárí ji igi náà tán, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ló dúró sí ya fọ́tò ọdún. Ẹ̀ka mọ́kànlá wà nínú agolo lẹ́yìn ìsọ̀ mi. N kò gba owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ owó ẹgbẹ́, kí ó kọ́kọ́ san án kí ó tó wá mú tirẹ̀.