Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Ohun Tí A Bá, àti Ohun Tí A Ó Fi Sílẹ̀

Kì í ṣe ìwàásù ni a wá ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni a bá wá, àní ilẹ̀ kékeré tí ó wà láàárín ilé ìdáná wa àti ọgbà aládùúgbò. A sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ rántí Áhábù ọba. Ó ní ààfin, ó ní ilẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ wọ ọgbà àjàrà Nábótì, ewébẹ̀ ni ó fẹ́ gbìn síbẹ̀, nítorí pé ó súnmọ́ ilé rẹ̀. Ohun tí ọba ṣe ojúkòkòrò sí títí ó fi di ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó ní i lọ́fẹ̀ẹ́, tí a sì sọ ọ́ di ibi tí a ń da omi ìfọṣọ nù sí.

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí, ó tọ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀bi ara wa. Nígbà tí a gbé wa wá sí ìjọ yìí ní ọdún 2019, ọgbà ni a bá lẹ́yìn ilé àlùfáà. Ẹni tí ó ṣáájú wa ti gbin igi ọsàn kan, ìbẹ́pẹ méjì àti ewúro síbẹ̀. Àwa wò ó, a ní igbó ni, ejò lè sá pamọ́ sí i. A pe bíríkìlà, a gé igi, a sì da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé náà mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, a kò jẹ ewé kan mọ́ tí a kò fi owó rà.

Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ohun gbogbo tí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ni yóò kàn án. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan ba oko tòmáàtì jẹ́ ní Kàdúná, àwa tí a wà ní ìhín sì rí i nínú ìkòkò wa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba mú owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò. Owó ọkọ̀ ga, ẹrù tí ọkọ̀ ń kó wá sí ọjà sì gbówó lórí pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún náà, opó kan nínú ìjọ wá kí wa, ó sì gbé ìdì ewé kan kalẹ̀, ṣọkọ àti gbúre tí ó tutù yọ̀yọ̀. A bi í pé, “Ìyá, èló ni ẹ rà á?” Ó dáhùn pé, “Bàbá wa, n kò rà á. Inú ọpọ́n fífọ́ ni mo gbìn ín sí, níwájú yàrá tí mo háyà.” Ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju pàṣán lọ. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ ni ó ń bọ́ ẹni tí ó da sìmẹ́ǹtì bo ilẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, a ti yá òòlù, a sì fọ́ ìdajì sìmẹ́ǹtì náà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ti kọ́ láti ìgbà náà, nítorí ìfẹ́ inú nìkan kì í hu ewébẹ̀. Èkíní ni ibi tí a ó gbìn sí. Ibi tí oòrùn kò bá dé fún bíi wákàtí 6 lójúmọ́, tẹ̀tẹ̀ kì yóò ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wòròwó fẹ́ òjìji, abẹ́ igi kòkó ni àwọn àgbẹ̀ wa sì máa ń gbìn ín sí. Ẹ má gbin ewébẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, tàbí sí orí àkìtàn tí a ti da bátìrì àti agolo ọ̀dà nù sí, nítorí ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ lè wọ inú ewé. Ẹ sọgbà yí i ká pẹ̀lú, nítorí ewúrẹ́ àti adìyẹ kò mọ ewébẹ̀ àlùfáà yàtọ̀.

Èkejì ni irúgbìn. Irúgbìn ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má baà ṣùjọ sójú kan. Ti ewédú a máa sùn nínú èèpo rẹ̀: ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ sì yọ ọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sí òjìji kí ara rẹ̀ gbẹ; nígbà náà ni yóò jí. Ní ti ewúro, igi rẹ̀ tí a gé ni a ń tì bọ ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú. Ìgbẹ́ adìyẹ jẹ́ ajílẹ̀ rere, ṣùgbọ́n èyí tí ó tutù a máa jó gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí ó jẹrà ná. Ẹni tí ó ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo, kí ó lu ihò sí ìdí ọpọ́n tàbí àpò, kí omi lè ṣàn jáde, kí ó sì máa bomi rin ín ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èrè rẹ̀ kì í pẹ́. Tẹ̀tẹ̀ a máa tó jẹ láàárín bí ọ̀sẹ̀ 4, ewédú láàárín ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6, ilá láàárín oṣù 2, ìbẹ́pẹ láàárín bí ọdún kan. Bí a bá sì já ṣọkọ lórí, tí a kò fà á tu, yóò yọ ẹ̀ka, a ó sì tún já a.

Ẹ má ṣe rò pé owó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Nínú ewé dúdú àti ìbẹ́pẹ pípọ́n ni ara ti ń rí èròjà tí a ń pè ní fítámì A. Ọmọ tí kò bá rí i jẹ tó, ojú rẹ̀ a máa ṣókùnkùn ní alẹ́, ó sì lè fọ́ pátápátá. Ìtìjú wo ni ó tó pé kí irú èyí ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹnìkan yóò wí pé, “Ilé háyà ni mo wà, èé ṣe tí n ó fi gbin igi fún onílé?” Àwa àlùfáà mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí bíṣọ́ọ̀bù lè gbé wa kúrò nígbàkigbà. A ti gbin ọsàn mìíràn sí ojú ibi tí a gé ti àkọ́kọ́. Èyí tí a lọ́ sára ìdí òmíràn ni, síbẹ̀ yóò tó bí ọdún 3 tàbí 4 kí ó tó so. Ó ṣeé ṣe kí a má jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣáájú wa kò mọ̀ wá rí nígbà tí ó gbin tirẹ̀. Fún wa ni ó gbìn ín, àwa sì ni a gé e. Nítorí náà, kì í ṣe oore ni a ń ṣe fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Gbèsè ni a ń san.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ ó bá àwo irúgbìn ṣọkọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó gbọ̀n ọ́n láti inú ọpọ́n rẹ̀. Kí olúkúlùkù mú ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè bù. Nígbà tí tirẹ̀ bá sì gbó, kí ó dá ìlọ́po méjì padà sínú àwo náà.